Èyí Tí A Rò Pé A Mọ̀: Ọ̀rọ̀ Àsọyé lórí Àwọn Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Tí Ayé Ò Lò Mọ́

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin àgbà ìjọ, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi ọ̀sán Sátidé sílẹ̀ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ èdè, mo kí yín kú ìkàlẹ̀. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ayé ò lò mọ́: ibi tí wọ́n ti wá, ohun tí wọ́n jẹ́ nígbà ayé wọn, àti ohun tó pa wọ́n. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ti máa sọ nínú ara rẹ̀ pé, kí ló kàn wá kan òkú ọ̀rọ̀ Òyìnbó? Ó kàn wá gan-an. À ń kà wọ́n nínú ṣọ́ọ̀ṣì, à ń gbé wọn gba pápákọ̀ òfurufú kọjá, àwọn awakọ̀ wa sì ń pè wọ́n lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú páásípọ́ọ̀tù. Bí ẹ bá ṣí ti Nàìjíríà, ẹ ó rí gbólóhùn kan níwájú tí wọ́n kọ lórúkọ Ààrẹ: kí gbogbo ẹni tó bá kàn jẹ́ kí ẹni tó ni ìwé náà kọjá "without let or hindrance". Tàwọn ará Bìrìtìkó ni wọ́n wò kọ ọ́. Gbólóhùn náà wà nínú tiwọn náà. "Hindrance" ò le, ìdíwọ́ ni. "Let" ńkọ́? Ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ "let": jẹ́ kí. Ó wá di pé a ń bẹ ará ìlú òkèèrè kí ó jẹ́ ká kọjá "láìsí ìyọ̀ǹda tàbí ìdíwọ́". Ṣé bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn?

"Let" yìí kì í ṣe "let" yẹn. Nínú Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́, èyí tí wọ́n ń sọ kó tó di ọdún 1100, ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n. "Lǣtan" ni kí a jẹ́ kí nǹkan ṣẹlẹ̀. "Lettan" ni kí a dí ènìyàn lọ́nà. Inú ilé kan náà pẹ̀lú "late" ni "lettan" ti jáde: ẹni tó "let" ẹ, ńṣe ló mú ẹ pẹ́. Nígbà tó yá, ìparí ọ̀rọ̀ méjèèjì já dànù, ohùn wọn wá di ọ̀kan, ni "let" kan ṣoṣo bá ń jẹ́ "jẹ́ kó lọ" tó tún ń jẹ́ "má jẹ̀ẹ́ kó lọ". Àwa Yorùbá ì bá ti fi àmì ohùn yà wọ́n sọ́tọ̀, bí a ṣe ya igbá sọ́tọ̀ lára igba. Àwọn ò ní irú ẹ̀. Ọ̀kan ní láti kú fún èkejì, ti ìdíwọ́ ló sì kú. Àwọn agbẹjọ́rò ni ò jẹ́ kó lọ pátápátá, torí agbẹjọ́rò fẹ́ràn kó máa sọ ohun kan lẹ́ẹ̀mejì. Ibẹ̀ ni páásípọ́ọ̀tù ti gbé e.

Ohun tí mo bá yín wá kò ju èyí lọ: ọ̀rọ̀ àtijọ́ tí a kò mọ̀ rí kò léwu. Bí o bá ń kàwé tí o pàdé "yclept", o máa dúró, o máa wò ó nínú ìwé atúmọ̀-èdè, o máa rí i pé "tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́" ni, o sì máa bá tìẹ lọ. Èyí tó léwu ni èyí tí ojú wa mọ̀, tí a kì í dúró wò. Àjọjẹ́ orúkọ kò kan tinú ẹni.

Bíbélì King James, tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1611, ni ibi tí èyí pọ̀ sí jù fún wa. Ẹ wo Orin Dáfídì 119, ẹsẹ 147: "I prevented the dawning of the morning." Ẹni tó bá fi Gẹ̀ẹ́sì òde òní kà á, á ní onísáàmù kò jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́. Orin 88, ẹsẹ 13 tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: "in the morning shall my prayer prevent thee", bíi pé àdúrà ń dí Ọlọ́run lọ́wọ́ iṣẹ́. Látinú èdè Látìn ni "prevent" ti wá: "prae", ṣáájú, àti "venire", wá. Onísáàmù jí ṣáájú ìdájí. Àdúrà rẹ̀ yóò tètè dé iwájú Ọlọ́run. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù sì sọ fún àwọn ará Tẹsalóníkà pé àwa tó wà láàyè "shall not prevent them which are asleep", ohun tó ń sọ ni pé a kò ní ṣáájú àwọn tó ti sùn. "Ṣáájú" gan-an ló wà nínú Bíbélì Yorùbá. Ìyá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan, tó jókòó ti Bíbélì Yorùbá rẹ̀, kò lè ṣi ẹsẹ yìí lóye. Ọmọ rẹ̀ tó gboyè ní yunifásítì, tó gbé King James dání, ló lè ṣì í.

Báwo ni ṣíṣáájú ṣe wá di dídí lọ́wọ́? Ẹni tó bá ṣáájú ẹ dé ẹnu ọ̀nà lè tì í mọ́ ẹ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bákan náà ni "suffer". "Suffer the little children to come unto me," Máàkù 10:14. Ní Nàìjíríà tí "suffer" ò ní ìtumọ̀ kankan ju ìyà lọ, mo ti rí ọmọdé tí ẹsẹ yìí bà lẹ́rù. "Sub" ni abẹ́, "ferre" ni gbé: kí ènìyàn ki ọrùn bọ abẹ́ ẹrù, kó rù ú. Ẹni tó gba nǹkan mọ́ra jẹ́ kí nǹkan ọ̀hún wà. Ẹni tó gba nǹkan mọ́ra náà ló sì ń jẹ ìyà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gbé ìtumọ̀ méjèèjì fún ìgbà pípẹ́ kó tó ju "gbà láàyè" sílẹ̀ tó mú ìyà nìkan. Ẹ̀wẹ̀, nínú Jẹ́nẹ́sísì 1:29 Ọlọ́run fún ènìyàn ní ewébẹ̀ àti èso igi pé "to you it shall be for meat". Ewébẹ̀ wo ló di ẹran? Gbogbo oúnjẹ pátá ni wọ́n ń pè ní "meat" nígbà náà. Mi ò ní pẹ́ níbẹ̀, torí ọ̀rọ̀ tó dùn mọ́ mi jù ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ni "thou".

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú ìjọ wa pé kí nìdí tí a fi ń pe Ọlọ́run ní "Thou" bí a bá ń gbàdúrà lédè Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n á ní ọ̀wọ̀ ni. Wọ́n á ní "you" rọrùn jù fún Ẹlẹ́dàá, àfi "Thou" tó wúwo. Òdìkejì rẹ̀ gan-an ni òtítọ́. "Thou" ni ìwọ. "Ye" àti "you" ni ẹ̀yin. Bó ṣe wà lọ́dọ̀ wa náà ló wà lọ́dọ̀ wọn: ẹnìkan ni ìwọ, ọ̀pọ̀ ni ẹ̀yin. Láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹtàlá ni wọ́n ti wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn Faransé, tó ń fi "vous" kí àgbà, ni àwọn náà bá ń fi "you" kí ẹni tó bá jù wọ́n lọ. Ní nǹkan bí ọdún 1600, ẹni tó bá gbọ́n á ti mọ ẹni tí òun lè fi "thou" pè: ọmọ òun, ọmọ ọ̀dọ̀ òun, ọ̀rẹ́ òun tímọ́tímọ́, àti ẹni tí òun fẹ́ bú.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1603, wọ́n gbé Sir Walter Raleigh wá síwájú ilé ẹjọ́ ní Winchester pé ó ń dìtẹ̀ mọ́ ọba. Edward Coke, tó jẹ́ agbẹjọ́rò àgbà ọba, dìde láti fẹ̀sùn kàn án. Raleigh kì í ṣe ọmọ kékeré. Ọmọ ogun orí òkun ni, ọ̀rẹ́ ọbabìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wàjà ni, wọ́n ti fi oyè dá a lọ́lá. Coke pè é ní paramọ́lẹ̀, ó wá ní: "for I thou thee, thou traitor!" Ẹ wò ó bó ṣe sọ ọ̀rọ̀ yẹn di ọ̀rọ̀-ìṣe. Lédè wa: ìwọ ni mò ń pè ẹ́, ìwọ ọ̀dàlẹ̀! Ọ̀jọ̀gbọ́n Gẹ̀ẹ́sì lè kọ ojú ìwé mẹ́wàá láti ṣàlàyé bí ìwọ̀sí yẹn ti tó fún akẹ́kọ̀ọ́ òde òní. Yorùbá ò nílò àlàyé. Gbogbo wa la ti gbọ́ ọ rí níbi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀: "Ta lò ń pè ní ìwọ?"

Nígbà tó di àárín ọ̀rúndún yẹn ni George Fox àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Quaker dìde. Wọ́n ní Ọlọ́run kò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà, nítorí náà àwọn ò ní ṣí fìlà fún adájọ́, àwọn ò sì ní fi "you" kí ẹnì kan ṣoṣo, ìbáà ṣe ìjòyè. Ẹnìkan ni, "thou" ni yóò jẹ́. Wọ́n nà wọ́n, wọ́n tì wọ́n mọ́lé, ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ sì wà lára ohun tó ń bí àwọn ènìyàn nínú. Mo fẹ́ kí ẹ fojú inú wo ọmọ ogún ọdún kan ní Ìbàdàn tó ń kí baálẹ̀ pé "Báwo ni, ṣé o jí dáadáa?" tó sì ní ẹ̀sìn òun ló kọ́ òun. Ohun tó tó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe.

Nígbà tó yá, ẹ̀rù ba gbogbo ayé. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí "thou" yóò di èébú, ni oníkálukú bá ń sá sábẹ́ "you". Kí ọ̀rúndún kejìdínlógún tó parí, "thou" ti kúrò lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, àfi ní àwọn àdúgbò kan lápá àríwá bíi Yorkshire, láàárín àwọn Quaker, àti nínú àdúrà. Nígbà tí kò sí ibòmíràn tí àwọn ènìyàn ti ń gbọ́ ọ mọ́ ju ṣọ́ọ̀ṣì lọ, ó wá dà bí èdè mímọ́. Báyìí ni ìwọ ṣe gorí àga tó di ọ̀wọ̀. Àwa tó ń pe Ọlọ́run ní Ìwọ nínú àdúrà láìronú lẹ́ẹ̀mejì, tí a kì í pè é ní Ẹ̀yin, ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ àṣírí yìí.

Àǹfààní kan sì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá ń ka King James. Àwọn tó túmọ̀ ọ kò fi ti ọ̀wọ̀ ṣe rárá. Iye ènìyàn ni wọ́n ń wò, torí bẹ́ẹ̀ ló rí nínú Hébérù àti Gíríìkì. Nínú Lúùkù 22:31 Jésù ní: "Simon, Simon, behold, Satan hath desired to have you", ó sì tún ní: "But I have prayed for thee." "You" àkọ́kọ́ yẹn, gbogbo àwọn ọmọ ẹ̀yìn ni. "Thee", Pétérù nìkan. Sátánì fẹ́ gba gbogbo yín, ṣùgbọ́n ìwọ ni mo gbàdúrà fún. Gẹ̀ẹ́sì òde òní á sọ méjèèjì ní "you", ìyàtọ̀ náà á sì rá.

Ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí wọ́n ti pa ọ̀rọ̀ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ọdún 1066, William láti Normandy, ní ilẹ̀ Faransé, ṣẹ́gun Harold ọba Gẹ̀ẹ́sì nítòsí Hastings. Èdè Faransé di èdè ààfin, èdè ilé ẹjọ́, èdè ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n ka òun kún. Ó lé ní igba ọdún kó tó yí padà. Ọdún 1362 ni wọ́n tó ṣòfin pé kí wọ́n máa fi Gẹ̀ẹ́sì ro ẹjọ́, torí àwọn ará ìlú kò gbọ́ Faransé. Èdè Faransé ni wọ́n sì fi kọ òfin ọ̀hún. Ẹ má rẹ́rìn-ín jù. A mọ irú ẹ̀ nílé.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó bá ogun yẹn lọ pọ̀. Wọ́n ní "eme" fún arákùnrin ìyá ẹni, wọ́n ní "fædera" fún arákùnrin bàbá ẹni, torí pé ipò àwọn méjèèjì nínú ẹbí kò rí bákan náà. "Oncle" ti Faransé gbá méjèèjì lọ. Ẹ wo ohun tí "àǹkù" ń ṣe fún wa lónìí: àbúrò ìyá, ẹ̀gbọ́n bàbá, ọkọ àǹtí, ará àdúgbò, àǹkù ni gbogbo wọn.

"Wer" ni ọkùnrin, "wīf" ni obìnrin, yálà ó lọ́kọ tàbí kò lọ́kọ, "man" sì ni ènìyàn lásán, akọ àti abo. "Wīfman" ló di "woman". "Wer" wá kú, ni "man" bá jókòó sórí àga rẹ̀, tó di pé ọkùnrin nìkan ló ń jẹ́. Ẹ ṣì lè rí òkú "wer" nínú "werewolf", ọkùnrin tó ń di ìkookò, àti nínú "world" pàápàá: "wer" àti "eld", ìgbà ayé ọmọ ènìyàn. "Midwife" náà ní òkú méjì nínú: "mid" ni pẹ̀lú, "wife" ni obìnrin. Obìnrin tó wà pẹ̀lú aláboyún.

Èyí tó wà lọ́kàn mi jù nínú wọn ni "leech". Bí ẹ bá gbọ́ ọ, eṣúṣú ló máa wá sí yín lọ́kàn, kòkòrò tó ń mu ẹ̀jẹ̀ nínú omi. Ṣùgbọ́n "lǣce" ni wọ́n ń pe oníṣègùn láyé àtijọ́. Ní British Library ní Lọ́ńdọ̀nù, ìwé ìṣègùn kan wà tí wọ́n fi ọwọ́ kọ ní ọ̀rúndún kẹwàá, tí wọ́n ń pè ní Bald's Leechbook. Ìwé oníṣègùn Bald ni. Oògùn kan wà nínú rẹ̀ fún kókó tó ń yọ sí ìpéǹpéjú: kí a mú "garleac" àti "cropleac" ní ìwọ̀n kan náà, kí a gún wọn pọ̀ dáadáa, kí a da wáìnì àti òróòro màlúù sí i, kí a gbé e sínú ohun èlò idẹ fún òru mẹ́sàn-án, kí a fi aṣọ sẹ́ ẹ, kí a sì fi ìyẹ́ ẹyẹ tọ́ ọ sójú lálẹ́.

Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Nottingham, olùkọ́ èdè àtijọ́ kan àti àwọn onímọ̀ kòkòrò àìfojúrí, gbé ìwé yìí sílẹ̀, wọ́n sì ní àwọn fẹ́ se oògùn náà gẹ́gẹ́ bó ṣe wà. "Garleac" kò fún wọn ní wàhálà. Aáyù ni, "garlic" òde òní. "Gār" ni ọ̀kọ̀, "lēac" ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ẹbí àlùbọ́sà lápapọ̀. Ìrísí rẹ̀ tó dà bí ọ̀kọ̀ ni wọ́n wò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. "Cropleac" ló di ìjà. Ṣé àlùbọ́sà ni àbí "leek", ìbátan rẹ̀ tó ní ewé gígùn? Ọ̀rọ̀ náà ti kú, kò sí ẹni tí a lè bi. Ẹ rántí pé èyí kì í ṣe eré inú kíláàsì mọ́. Bí wọ́n bá fi ohun tí kì í ṣe é sínú ìkòkò, iṣẹ́ ti bàjẹ́. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n se é lọ́nà méjèèjì, ọ̀kan pẹ̀lú àlùbọ́sà, ọ̀kan pẹ̀lú "leek". Lọ́dún 2015 ni wọ́n kéde àbájáde rẹ̀: àdàlù náà ń pa bakitéríà *Staphylococcus aureus*, títí kan irú èyí tí wọ́n ń pè ní MRSA tí ọ̀pọ̀ oògùn apakòkòrò kò ràn mọ́. Kò sí èyíkéyìí lára ohun tí wọ́n pò pọ̀ tó dá ṣe é tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bàbá àgbà tó ń gún ewé, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ pé orúkọ ewé mìíràn ti ń sọnù lẹ́nu àwa ọmọ, ẹ ó rí ìdí tí mo fi pẹ́ níbí.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ló kú lẹ́yìn tó gbó. Òmíràn kú ní ìkókó. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, àwọn ọ̀mọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì ń kó ọ̀rọ̀ Látìn wọlé bí ẹni ń já ẹrù láti inú ọkọ̀ ojú omi. Sir John Cheke, olùkọ́ Gíríìkì ní Cambridge, ní ó tó gẹ́ẹ́. Nígbà tó ń túmọ̀ ìwé Mátíù, kò fẹ́ "centurion", ó kọ "hundreder". Kò fẹ́ "resurrection", ó kọ "gainrising", àtúndìde. Kò sẹ́ni tó tẹ̀lé e. Nígbà tí àwọn Samuel Àjàyí Crowther náà dé ibi kan náà nínú Bíbélì Yorùbá, tó parí lọ́dún 1884, wọ́n kọ "balógun ọ̀rún", wọ́n kọ "àjíǹde", gbogbo wa sì gbà á. Mo rò pé ohun tó fà á ni pé àwọn tí Cheke ń kọ̀wé fún ti gbọ́ "resurrection" nínú ìwàásù tipẹ́, wọ́n ò sì rí ìdí tí wọ́n á fi fi í sílẹ̀.

Àwọn mìíràn kú nítorí pé ohun tí wọ́n ń pè kú. Àwọn mẹkáníìkì yín àti awakọ̀ yín, kí ni wọ́n ń pe iná tó ń ṣẹ́jú lára ọkọ̀ bí a bá fẹ́ yà? Tiráfíkétọ̀. Ọ̀dọ́ awakọ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù lè máà mọ ohun tí ẹ ń sọ. "Indicator" ló mọ̀. "Trafficator" jẹ́ ọwọ́ kékeré kan tó máa ń jáde lára ọkọ̀ láàárín ọdún 1930 sí 1950 ó lé, bí apá tó nà síta. "Traffic" àti "indicator" ni wọ́n gé tí wọ́n so pọ̀. Iná tó ń ṣẹ́jú dé, ọwọ́ náà kúrò lára ọkọ̀, ọ̀rọ̀ náà kúrò lẹ́nu wọn. Ó wà lẹ́nu tiwa. Owó náà ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ti lé lọ́gọ́ta ọdún dáadáa, ẹ rántí tọ́rọ́, ẹ rántí sísì. "Threepence" àti "sixpence" ni, tó bá wa rìn títí tí náírà fi dé ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973. Àwọn fúnra wọn ti yí owó wọn padà lọ́dún 1971. "Farthing" tiwọn ti lọ ṣáájú, ní ìparí ọdún 1960: "fēorthing", ìdá mẹ́rin pẹ́nì kan.

Orúkọ ìdílé náà ń tọ́jú òkú ọ̀rọ̀, bí Àyàn ṣe ń tọ́jú iṣẹ́ ìlù nínú orúkọ wa. Fletcher ni ẹni tó ń ṣe ọfà. Chapman ni oníṣòwò: "cēap" ni káràkátà, ìdí nìyẹn tí òpópónà Cheapside fi wà láàárín Lọ́ńdọ̀nù, ọjà ló wà níbẹ̀, kò sí ohun tó pọ́ọ́kú níbẹ̀ lónìí, ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ lọ́hùn-ún lè bi wọ́n. Walker ló sì ń tan àwọn ènìyàn jẹ jù. Wọ́n rò pé alárìnkiri ni. Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ aṣọ onírun àgùntàn nínú omi kí ó lè ki ni.

Ẹnìkan ti kọ ìwé ránṣẹ́ sí mi láti ẹ̀yìn pé, báwo ni a ṣe máa mọ ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ ti yí padà nígbà náà? Ìdáhùn mi ni pé kí ẹ lo Oxford English Dictionary, kì í ṣe ìwé atúmọ̀-èdè kékeré àpò. Lọ́dún 1857 ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ èdè kan ní Lọ́ńdọ̀nù dá àbá rẹ̀. James Murray di olóòtú rẹ̀ lọ́dún 1879. Apá kìn-ín-ní jáde lọ́dún 1884, àṣekágbá sì di 1928, nígbà tí Murray ti kú lọ́dún mẹ́tàlá ṣáájú. Àwọn olùyọ̀ǹda láti ibi gbogbo ló ń ka ìwé àtijọ́, tí wọ́n ń kọ gbólóhùn sórí pélébé ìwé, tí wọ́n ń fi ránṣẹ́. Bí ẹ bá rí àmì bí ọ̀bẹ aṣóró, †, níwájú ọ̀rọ̀ kan, ó ti kú. Irú wọn tó 47,156 nínú ẹ̀dà kejì tó jáde lọ́dún 1989. Lábẹ́ ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n to àwọn gbólóhùn láti orí èyí tó pẹ́ jù. Ẹ wo ọdún tó wà lára èyí tó kẹ́yìn. Bí ìwé tí ẹ ń kà bá ti wà ṣáájú ọdún yẹn, ẹ má fọkàn tán ìtumọ̀ tó wà lórí yín.

Kí ẹ sì wo orísun. Ọ̀rọ̀ tí kò ní orísun máa ń kọ mí lóminú. Lọ́dún 1934, ìwé atúmọ̀-èdè Webster ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀rọ̀ kan jáde, "dord", pé "density" ló túmọ̀ sí. Ọdún 1939 ni olóòtú kan ṣàkíyèsí pé wọn ò kọ ibi tó ti wá. Wọ́n wá pélébé ìwé rẹ̀ kàn: "D or d" ni ẹni tó kọ ọ́ kọ, pé lẹ́tà D ńlá tàbí kékeré lè dúró fún "density". Ẹnìkan so ó pọ̀. Ọ̀rọ̀ tí kò wáyé rí, tó gbé ọdún márùn-ún láàárín àwọn alààyè kí àṣírí rẹ̀ tó tú.

Ìbéèrè kejì: ṣé kí a wá gbé King James tì? Rárá o. Kí ẹ kà á pẹ̀lú Yorùbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Níbi tí Gẹ̀ẹ́sì 1611 bá ti ń ṣe yín ní kàyéfì, ẹ yẹ Yorùbá wò kí ẹ tó yẹ Google wò. Ìwé Murray pàápàá, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó lé ní 400,000, fo ọ̀rọ̀ kan tó wà nínú King James. "Bondmaid" ni, ẹrúbìnrin, Gálátíà 4:22, lórí ìyá Íṣímáẹ́lì. Wọ́n ti kó àwọn pélébé ìwé rẹ̀ jọ, àmọ́ wọ́n sọnù sáàárín ìwé, ìdìpọ̀ lẹ́tà B sì jáde láìsí i. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ń há a sórí ní gbogbo ìgbà yẹn. Ìwé àfikún ọdún 1933 ni wọ́n tó rí i fi sí.